Ìwé Ìwọ̀n Ẹsẹ̀

Mo ti já pátákó sílẹ̀.
"Oníṣọ̀nà Awọ, Pàkátà" ni wọ́n kọ sí i láyé ọjọ́sí.
Oòrùn ti jẹ "Awọ" tán, ó ku "Oníṣọ̀nà",
kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tí mò ń ṣe mọ́.

Ẹ má bi mí bóyá ọjà ò tà ni.
Ó ń tà, níwọ̀n tí bàtà awọ ń tà
láti ìgbà tí sálúbàtà onírọ́bà ti gbòde.
Lánlọ́ọ̀dù ò lé mi. Ojú mi ò tíì ṣú.
Ìlu mi ṣì mú, ó ń wọ awọ
bí ẹ̀gún ṣe ń wọ àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìwé kan wà lábẹ́ àga mi,
ẹsẹ̀ ìlú ló kún inú rẹ̀.
Ẹni bá fẹ́ bàtà á gbé ẹsẹ̀ lé tákàdá,
n ó fi bírò tọ̀ ọ́ yíká láti gìgísẹ̀,
n ó kọ orúkọ sáàárín ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀.
Ẹsẹ̀ Alfa Òkè-Súnà wà níbẹ̀, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀;
ẹsẹ̀ Ìyá Oníwàrà, tí ìka kejì gùn ju àtàǹpàkò lọ,
ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń ṣáájú ọkọ òun rìn;
ẹsẹ̀ ọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́, ọ̀tún nìkan,
ó ní kí n má da ara mi láàmú, òsì kò sí mọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Mò ń jáde kí Àfúsá tó dáná,
mò ń wọlé nígbà tó ti fi àwo dé oúnjẹ mi.
Lálẹ́ tí ọdún Ìtúnu ku ọ̀la,
tí àwọn aládùúgbò ń lé làálì sẹ́sẹ̀ ọmọ wọn,
èmi ń rán bàtà tí ẹsẹ̀ náà yóò wọ̀ lọ sí yídì.
Àwọn tèmi ti sùn,
wọ́n fi ojú ọ̀nà ṣe ìrọ̀rí.

Oṣù tó kọjá, nínú ọyẹ́, ẹnìkan wọlé.
Ó kí mi. Mo dáhùn sínú awọ.
Mo na tákàdá sí i, ó bọ́ bàtà.
Ẹsẹ̀ gígùn, eékánná mímọ́,
àpá kékeré kan lọ́rùn ẹsẹ̀.
Mo fi bírò tọ̀ ọ́ yíká, mi ò gbójú sókè,
mo ní, "Kí ni kí n kọ sí i?"
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, "Ẹ kọ Mùbáráàkù, Bàbá."

Àgùnbánirọ̀ mi, tó dé láti Jàlíńgò,
tó ní òun ò ní délé kóun tó yà kí mi.
Àpá yẹn, ọ̀bẹ mi ló ṣe é,
ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó ń ṣeré lábẹ́ àga yìí.

Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.
Èmi ni mi ò lè rán ojú kan mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣíttù ti kó òòlù, ó ti kó àwọn ẹsẹ̀ onígi.
Ó sunkún díẹ̀, ó bèèrè gọ́ọ̀mù tó kù, mo fún un.
Lánlọ́ọ̀dù ní, "Aláwọ, kí lo fẹ́ máa ṣe nílé?"
Mo ní n ó máa jókòó. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.
Ẹ̀rù owó ń bà mí, n ò ní purọ́;
ìfẹ́ ọmọ kì í san owó iná.
Àfúsá pàápàá ò tíì gbà mí gbọ́,
ó ní tó bá di ọjọ́ kẹta
n ó ti máa dí òun lọ́wọ́ nídìí ààrò.
Ó ṣeé ṣe.
Mi ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara mi.

Ìwé náà nìkan ni mo gbé dání.
Tákàdá kan ṣì ṣófo lẹ́yìn Mùbáráàkù.
Lálẹ́ òní, bí Àfúsá bá jókòó,
n ó ní kó gbé ẹsẹ̀ lé e.
Yóò bèèrè pé bàtà wo, nígbà tí ìsọ̀ ti palẹ̀ mọ́.
N ó ní kì í ṣe torí bàtà.